Ibi Tí Ọ́ìlì Pupa Ń Gbà Lọ

Ẹ́ńjìnì ń ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ. Lásárù tún tẹ tọ́rọ́tù sí i, igbe náà ròkè bí igbe ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn, síbẹ̀ taya kò yí. Píkọ́ọ̀pù dúró sí agbedeméjì òkè tó wà lẹ́bàá oko, ó ń gbọ̀n, nígbà tó sì yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Kíá ni Lásárù tẹ bíréèkì, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Ẹyin ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, páálí lórí páálí. Kò gbọ́ kí nǹkan kan fọ́. Ó mí kanlẹ̀.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi òkúta ti taya ẹ̀yìn. Kò pa ẹ́ńjìnì, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí ó bá kú lórí òkè yẹn, ó lè má jí mọ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì gíà jáde, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí awakọ̀ fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kún sí. Géèjì náà gbẹ bí ètè ẹni tó ń gbààwẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, ó rí Màmá Tíṣà tí wọ́n ń gun òkè bọ̀, wọ́n ká ìró wọn mọ́ àyà, oúnjẹ adìẹ ṣì wà ní ọwọ́ wọn. Wọ́n ti gbọ́ igbe ẹ́ńjìnì láti inú oko. Leah Ajíbádé ni orúkọ wọn gan-an. Ilé ìwé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣe iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n wá sí Ìrókò láti máa sin adìẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yé pè wọ́n ní Tíṣà.

"Ó tún gbẹ?"

"Ó gbẹ, Mà."

"Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Ó kún dé ojú ìlà."

"Ìṣojú mi ni ẹ ṣe wọ̀n ọ́n, Mà. Ó kún."

"Lẹ́yìn ìyẹn, àwa ará ilé wọlé àdúrà. Ìwọ nìkan lo wà lọ́dọ̀ ọkọ̀."

Lásárù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni òun, ó ti gba àdúrà tirẹ̀ ní ilé àdúrà kí ó tó wá sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi bá ń kọ orin òwúrọ̀ nínú ilé, òun á máa nu dígí ọkọ̀ níta.

"Mi ò pè ọ́ ní olè o," ni Màmá Tíṣà wí.

"Ẹ ò pè mí bẹ́ẹ̀, Mà."

"Ṣùgbọ́n mo ti wá orúkọ mìíràn tí mo lè pe ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí."

Wọ́n padà sílé lọ gbé agolo ọ́ìlì pupa nínú ilé ìṣúra tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní ìdí ìró wọn. Lásárù rọ ọ́ sínú gíà níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi gbá taya mọ́lẹ̀, tó sì gun òkè náà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Kí ó tó lọ, Màmá Tíṣà fi ọwọ́ lé fèrèsé.

"Lọ́la tí a bá ń lọ sí Ṣáṣá, èmi náà á wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ni n ó jókòó sí. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá ṣú tí mi ò sì mọ ibi tí ọ́ìlì yìí ń gbà lọ, kí o fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà."

Ó gbọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Iṣẹ́ awakọ̀ kan lè bọ́, kí èèyàn rí òmíràn. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí wọ́n bá lé nítorí pé ó ń jí ọ́ìlì ọkọ̀, láti Ìrókò títí dé Mọ́níyà, ta ni yóò tún fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́?

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìsìn adìẹ ló gbé e wá, nígbà tó sì ń padà sílé ní ọdún 1963, Màmá Tíṣà rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bíréèkì àti tọ́rọ́tù nìkan ló wà ní ìsàlẹ̀ fún ẹsẹ̀. Kò ní kúlọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì tí awakọ̀ yóò fà sí ibi ìlọsíwájú, ó parí. Gíà á máa yí ara rẹ̀ padà bí ọ̀nà bá ṣe gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tí Lásárù kọ́kọ́ wà á, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wá kúlọ́ọ̀ṣì kiri ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn. Agbégilódò ló ń wà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ bá jà kí ó tó yí gíà. Èyí kì í já èèyàn gbàgà. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìdí sì nìyẹn tí Màmá Tíṣà fi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi í kó ẹyin, ẹyin tí ń fọ́ lọ́nà kò tó nǹkan mọ́.

Ọ́ìlì inú gíà náà kò jọ ọ́ìlì yòókù. Ó pupa, ó mọ́ gaara, a máa dán bí omi sóbò. Àárín ìgboro Ìbàdàn nìkan ni wọ́n ti ń rí i rà, ẹni bíi mélòó kan ló sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ohun tí gbogbo èèyàn yóò ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ọkọ̀ di ọjọ́ kejì. Aṣọ náà kò ní àbàwọ́n kankan. Wọ́n tún un tẹ́. Ó funfun gbòò. Ọ́ìlì tí kò kán sílẹ̀, tí kò sì sí nínú ọkọ̀, ọwọ́ èèyàn ló gbé e.

Jìmí, onígbàjámọ̀ tó wà ní ẹnu ọ̀nà ọjà, ló kọ́kọ́ fi ṣe àwàdà. Ó ní òun rí ìgò òróró pupa kan ní ilé àdúrà àwọn Séráfù, pé ìyá arúgbó kan ń fi pa orúnkún, orúnkún náà sì ti ń yá. "Ọ́ìlì tó bá lè mú irin rìn, ṣé orúnkún ló máa wá tì í?" Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Epo pupa tí wọ́n po kánfọ̀ mọ́ ni, Lásárù mọ ẹni tó pò ó. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ẹ̀rín ti sáré ju òótọ́ lọ, ó sì ti dé etí Màmá Tíṣà.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi àpótí kan sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín àwọn páálí ẹyin, Màmá Tíṣà jókòó lé e, wọ́n kọjú sí ọ̀nà tí wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n di gèlè wọn le. Àwọn tó ń lọ sóko dúró wò wọ́n.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti di ẹrù ni?" ni ẹnì kan ké sí wọn.

"Ẹ̀ṣọ́ ni mí," ni wọ́n dá a lóhùn.

Lásárù ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé omi kún igbá lórí. Bí wọ́n ti kọjá Akínyẹlé, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ibi afárá odò kan. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Kò tíì dé afárá nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀ gbàgbà.

"Lásárù! Dúró! Dúró níbẹ̀!"

Lásárù rò pé ẹyin ti dà. Ó dúró, ó sáré bọ́ sílẹ̀. Màmá Tíṣà ti dìde dúró láàárín ẹyin, wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀nà. Èéfín funfun kan ló bo gbogbo òkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó nípọn bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun pápá tútù. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan jáde láti inú rẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń bú.

"Ṣé ẹ fẹ́ fi èèyàn ṣe ẹja yíyan ni?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú," ni Lásárù wí. Ó yíjú sí Màmá Tíṣà. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Mà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti bú mi títí. Mo rò pé omi ìrì tó wọ inú sàlẹ́ńsà ni."

"Ìrì? Oòrùn ti yọ tipẹ́." Wọ́n jókòó padà lórí àpótí, wọ́n fi ọwọ́ ti àgbọ̀n. Lásárù mọ ìjókòó yẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó nìyẹn nígbà tí adìẹ kan bá ń ṣàìsàn tí wọn kò tíì mọ irú àìsàn tó jẹ́. "Láti ilé ni mo ti ń wo ẹ̀yìn. Nígbà tí a gun òkè, kò sí èéfín. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ báyìí ló dé. Kí ni ò ń ṣe tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ tí o kì í ṣe tí a bá ń gòkè?"

Lásárù ronú. "Kò sí, Mà. Mo kàn máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù ni."

"Ó dáa. A ti rí nǹkan kan. N kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n a ti rí nǹkan kan. Ta lo mọ̀ tó lè mọ̀ ọ́n?"

"Sàníù ni, Mà. Mẹkáníìkì ni, Adégbayì ló wà. Bí ó bá rí ohun tí kò yé e, kì í lè jẹun."

"Ẹni tí a ń wá nìyẹn. Jẹ́ ká lọ já ẹyin sí Ṣáṣá ná."

Wọ́n já ẹyin, wọ́n gba inú Ìbàdàn kọjá, wọ́n sì dé Adégbayì nígbà tí oòrùn ti mú ganrín-ganrín. Abẹ́ igi ọdán kan ni Sàníù ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó sórí taya ògbólógbòó, ó ń fọ kábúrétọ̀ nínú abọ́. Òun àti Lásárù ti jọ ṣiṣẹ́ lórí agbégilódò rí, wọn kì í sì í pàdé kí wọ́n má bú ara wọn.

"Séráfù! Bàtà lo wọ̀ lónìí? Kò burú, ayé ti ń là."

"Ìwọ Àáfà onísípánà, fọ ọwọ́ rẹ kó o tó kí àgbà."

Sàníù rí Màmá Tíṣà, ó fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gírísì. "Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ẹ má dá mi lóhùn o, ọ̀rẹ́ mi ni."

Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Lásárù sọ nípa òkè, Màmá Tíṣà sọ nípa èéfín. Sàníù gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ojú ọmọ tí wọ́n fún ní àkàrà. Ó tètè dá ẹjọ́, ó ṣì í dá.

"Ríǹgì ẹ́ńjìnì ló ti jẹ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń jó di èéfín."

Ṣùgbọ́n nígbà tó fa géèjì ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì dúdú kún un dé ibi tó yẹ, Lásárù sì fi Ọlọ́run búra pé òun kò rọ nǹkan kan kún un láti ọjọ́ pípẹ́. Sàníù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ó dáa, mo jẹ ọ̀rọ̀ mi. Ẹ jẹ́ ká wo ti gíà."

Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnì láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Sàníù fa géèjì gíà: ọ́ìlì pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ìlà.

"Ẹ̀yin sọ pé ó ń gbẹ?"

"Ó ń gbẹ!" Lásárù sáré jí ẹ́ńjìnì. "Wò ó báyìí! Bó ṣe rí nígbà tí mo wò ó lórí òkè nìyí, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́."

Sàníù nu géèjì, ó tì í bọ̀ ọ́, ó fà á yọ. Ọ́ìlì kò kan ju ẹnu ṣóńṣó ìsàlẹ̀ lọ. Ó wò ó, ó wo ẹ́ńjìnì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí Lásárù pa á, wọ́n sì dúró díẹ̀. Ọ́ìlì gòkè padà. Ó ní kí ó jí i, ó tún wálẹ̀. Ó ṣe é títí, kì í ṣe pé ó tún ń wádìí nǹkan kan, inú rẹ̀ ló kàn ń dùn.

"Màmá, ìgbà wo lẹ máa ń wọ̀n ọ́n?"

"Láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó jí ọkọ̀. Ṣé bí gbogbo awakọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn?"

"Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn, nítorí ọkọ̀ oníkúlọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa ń wà. Èyí yàtọ̀. Igbá ńlá kan wà nínú gíà yìí tó ń yí po, ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń ti ọkọ̀ dípò kúlọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ́ńjìnì bá sùn, ọ́ìlì inú igbá á ṣàn padà sísàlẹ̀, géèjì á ní òún yó. Bí ó bá jí, igbá á tún bù ú mu. Ẹ̀ ń wọn oúnjẹ nínú ìkòkò kí àwọn tó máa jẹ ẹ́ tó jí."

Màmá Tíṣà wo Lásárù, wọ́n tún wo géèjì.

"Nítorí náà, láàárín ìgbà tí a ń gbàdúrà nínú ilé…"

"Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, Màmá. Kò kún láti ilẹ̀ wá ni."

Lásárù gbé ojú sí òkè igi ọdán. Ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà gbé ìka sókè, bí ìgbà tí wọ́n bá wà níwájú kíláàsì.

"Ìdajì nìyẹn. Ọ́ìlì ṣì ń tán. Agolo tí a rọ lánàá, níbo ló wà? Aṣọ tí mo tẹ́ kò rí i."

"Ìyẹn ni èmi náà ń bi ara mi," ni Sàníù wí.

Ó bù díẹ̀ nínú ọ́ìlì pupa sí orí ìka, ó kán an sí ara sàlẹ́ńsà tó gbóná. Ó ta ṣàà. Èéfín funfun kékeré kan rú, pẹ̀lú òórùn kan tó ń ta èèyàn nímú, tó sì dùn díẹ̀ bíi ṣúgà tó jóná. Màmá Tíṣà fà á símú.

"Òun ni! Òórùn tó gbá mi lójú lórí ọ̀nà nìyẹn."

"Nígbà náà, ẹ́ńjìnì ló ń sun ọ́ìlì gíà," ni Sàníù wí. "Ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ibo ni ó gbà wọlé tọ̀ ọ́?"

Òun àti Lásárù wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lásárù kò mọ orúkọ àwọn nǹkan tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Òun ló rí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò ju ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé fi ń fa omi lọ. Ó ti ara ọrùn ẹ́ńjìnì wá, ó sì parí sí ara agolo pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíà, agolo tí kò ju ti ìpara lọ.

"Kí ni ti èyí?"

Sàníù fi ìka kàn án. "Irú ọkọ̀ báyìí wà níbí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládùúgbò wa kan, Ìyàndá, èyí tí igi wó lù. Mo tú gíà rẹ̀ wò nígbà kan, nítorí n ò lè sùn. Irú agolo yìí wà lára rẹ̀. Awọ rọ́bà kan wà nínú rẹ̀ bí awọ ojú ìlù. Ọ́ìlì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ẹ́ńjìnì ń gba páìpù yìí mí sí. Mo rò pé ó ń tẹ́tí sí mímí ẹ́ńjìnì ni, kí gíà lè mọ ìgbà tó yẹ kó yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Bí awọ yẹn bá wá ya ńkọ́?"

Wọ́n wo ara wọn. Sàníù fa páìpù náà yọ. Inú rẹ̀ tutù fún ọ́ìlì, ó sì pupa. Páìpù tó yẹ kó jẹ́ atẹ́gùn nìkan ló wà nínú rẹ̀!

Wọ́n rọra jáde. Sàníù tú agolo náà, ó gbé e lọ́wọ́. "Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti mọ̀ dájú. Kí ẹnì kan fi ẹnu fa ojú ihò yìí. Bí awọ bá pé, kò ní rí nǹkan kan fà, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ihò. Bí ó bá ya…" Ó na agolo sí Lásárù. "Ìwọ ni wọ́n ní ó mu ọ́ìlì. Mu ún kí n wò ọ́."

Lásárù gba agolo. Ó fi ẹnu sí ihò, ó fà á bí ẹni tó ń fa ọsàn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sáré yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tu ọ́ìlì pupa sílẹ̀, ètè rẹ̀, eyín rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pupa bí ẹni tó jẹ obì àwọn Gànbàrí. Sàníù ti wó lulẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ fún ẹ̀rín. Lásárù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu pupa yẹn, ó ń tu itọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń ti ojú rẹ̀ bọ̀. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wúwo tó báyìí lórí àyà òun títí tó fi kúrò níbẹ̀.

"Ẹ́ńjìnì ni olè!" ni Sàníù ń ké. "Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, ó sì ṣì ń fẹ́ mí. Ìgbà yẹn ló ń fà á kíkankíkan. Ìdí tí ẹ fi ń rí èéfín tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ nìyẹn!"

Màmá Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu omi nínú kèrègbè Sàníù, wọ́n gbé e wá fún Lásárù fúnra wọn, wọ́n sì dúró títí tó fi yọ ẹnu tán.

"Lásárù, mo fura sí ọ lórí ohun tí o kò ṣe. Mo tún jẹ́ kí ó hàn sí ọ. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi."

Lásárù ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Mà. Ta ló wo géèjì yẹn tí kò ní fura? Èmi gan-an ti ń fura sí ara mi."

"Dìde. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀, orúnkún mi ni kò gbà." Wọ́n wo ọ́ìlì tó dà sílẹ̀. "Àfi bí n bá kọ́kọ́ fi èyí pa á."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Lásárù tó mọ̀ pé àwàdà Jìmí ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó yé e, ó jókòó sílẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó rẹ́rìn-ín débi pé kò lè dìde.

Iṣẹ́ kò tíì tán. Sàníù ní òun lè di ihò náà pa, ọ́ìlì kò sì ní lọ mọ́. "Ṣùgbọ́n gíà á di adití. Kò ní gbọ́ mímí ẹ́ńjìnì mọ́, á máa já ọkọ̀ gbàgà ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yí."

"Ẹyin mi ńkọ́?" ni Màmá Tíṣà béèrè.

"Dídín ni ẹ máa dé Ṣáṣá bá a, Mà."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ilé Ìyàndá lọ, kò jìnnà síbẹ̀. Igi gẹdú ni Ìyàndá ń là, ó jókòó síwájú ilé, ó ń pọ́n ayùn. Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Gíà náà nìyẹn lábẹ́ àtíbàbà. Ẹ tú ohun tí ẹ bá fẹ́ nínú rẹ̀, òkú ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dààmú adìẹ mi."

Adìẹ wo? Wọ́n débẹ̀, wọ́n rí i. Ẹnu gíà náà gbòòrò bí ẹnu agogo ilé ìjọsìn, ó sì dojú kọ òkè. Koríko gbígbẹ ló kún un, àgbébọ̀ pupa kan sì sàba lórí rẹ̀. Sàníù na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí agolo wà. Adìẹ fi àgógó sọ ọ́ ní ọwọ́ wìì. Ó fa ọwọ́ padà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́," ló wí.

Màmá Tíṣà tú gèlè wọn. Wọ́n gba ẹ̀yìn yọ sí adìẹ náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì da gèlè bò ó lórí. Bí ilẹ̀ ti ṣú mọ́ ọn lójú, ó dákẹ́. Wọ́n ki ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. "Ẹ ṣe kíá. Ẹyin rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tutù."

Sàníù ṣe kíá. Ó tú agolo, ó nu ún, ó fi ahọ́n kan ojú ihò, ó sì fà á. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, agolo rọ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, kò já, ó sì ń gbìyànjú láti sọ pé, "Ó pé! Ó pé!" ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde dàbí ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Màmá Tíṣà dá àgbébọ̀ padà sí ààyè rẹ̀, wọ́n ṣí i lójú. Ó gbọn ara, ó jókòó, ó wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ fi ẹjọ́ wọn sùn.

Agolo náà bá ojú ibẹ̀ mu wẹ́kú, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe ọkọ̀ méjèèjì. Wọ́n fi páìpù bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, Lásárù jí ẹ́ńjìnì, wọ́n jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rọ ọ́ìlì, díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ. Màmá Tíṣà ló di géèjì mú. Wọ́n ń nu ún, wọ́n ń tì í bọ̀ ọ́, wọ́n ń fà á yọ, títí tí wọ́n fi ní, "Ó tó." Sàníù ní kí Lásárù fi ẹsẹ̀ tẹ tọ́rọ́tù kí ó sì gbé e kúrò lójijì. Gbogbo wọn lọ dúró sí ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà. Èéfín díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ jáde. Ó fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, kò sí nǹkan kan mọ́, àfi afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń mú kí koríko máa jó.

"Bí ó bá tún fín èèyàn, ẹ gbé e padà wá," ni Sàníù wí. "Séráfù, má jẹ́ kí òùngbẹ ọ́ìlì gbẹ ọ́ o."

"Àáfà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí adìẹ sọ ọ́ lójú."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Lásárù lọ gbé àpótí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kí Màmá Tíṣà lè rí i jókòó lé. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi àpótí ṣe. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n gòkè, wọ́n sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Wọ́n kọjá Ṣáṣá, wọ́n kọjá Mọ́níyà. Bí ọ̀nà ti tún dà gẹ̀rẹ́ lọ sí afárá yẹn láti ìhà kejì, Lásárù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ó ń wo dígí ẹ̀yìn. Ọ̀nà mọ́ gaara láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rí oníkẹ̀kẹ́ méjì kedere, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò wúkọ́. Ó fẹ́ sọ fún Màmá Tíṣà, ó yíjú sí wọn. Wọ́n ti sùn lọ. Orí wọn fi ara ti fèrèsé, ẹnu wọn là díẹ̀, gèlè tí wọ́n fi bo adìẹ wà lórí itan wọn, ìyẹ́ pupa kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Kò rí wọn kí wọ́n sun inú ọkọ̀ rí.

Ó wá ń wa ọkọ̀ fún oorun wọn. Nígbà tí gíà bá fẹ́ yí, ó ń mọ̀ ọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan, bí ìgbà tí ẹni tó gbé ọmọ sẹ́yìn bá yí ọmọ padà tí ọmọ kò jí. Òkè tó wà lẹ́bàá oko dé. Ọkọ̀ dojú kọ ọ́, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, ó sì gùn ún lọ.

Ojú ọ̀nà abáwọlé ni Màmá Tíṣà ti ta jí. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n tún ara wọn jókòó, wọ́n wo ọ̀nà bí ẹni pé wọn kò sùn.

"Rọra o, Lásárù. Òkè yẹn ti kù díẹ̀."

"A ti gùn ún, Mà."

"Nígbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, Mà. Ilé la dé yìí."